Ogún Òpó Tèmi, Ogún Òpó Jékọ́bù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nílé mi ní Iba ló tì mí sí ìwé kíkọ yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n jókòó nídìí kànga, wọ́n ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí kálukú máa ṣe bó bá jáde yunifásítì. Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá Láńlọ́ọ̀dù, iṣẹ́ wo lẹ̀yin ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Mo ní iyanrìn ni mo ṣọ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. N kò bá wọn bínú. Ìyá tó bí mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un, ó ní, "Làmídì, ta ló fẹ́ jí iyanrìn?"

Òkun ló ń jí i. Ṣáájú òmìnira, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, òkun ti jẹ etíkun tó wà lódìkejì ọ̀sà, níwájú Ọ̀jọ́, débi pé igi àgbọn ń wó sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba gbé ọkọ̀ ńlá kan wá tó ń fi páìpù fa iyanrìn láti inú omi. Wọ́n tú iyanrìn náà sí etíkun, wọ́n kó o jọ di òkè gígùn láàrin òkun àti àgọ́ àwọn apẹja. Wọ́n fi imọ̀ àgbọn ṣe ọgbà sórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, wọ́n gbin ìtàkùn tó máa ń tanná aláwọ̀ àlùkò sí i lára. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ, gbogbo èèyàn sì rò pé iṣẹ́ ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ni tiwa bẹ̀rẹ̀, torí iyanrìn tí èèyàn kó jọ kì í jókòó bí èyí tí Ọlọ́run kó jọ.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ kéré, ó ń wọlé déédéé, ó tán. Ohun tí a ń ṣe ni kí ẹ gbọ́. Wọ́n ri ogójì òpó igi mọ́ òkè iyanrìn náà, láti ọ̀nà Àgbádárìgì wá sí ọ̀nà Èkó. Gbogbo Mọ́ńdè la máa ń wọn bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe yọ síta tó. Bí òpó bá ń yọ síta sí i, iyanrìn ìdí rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Bí òpó bá ń rì, iyanrìn ń pọ̀ sí i. Ẹ di èyí mú dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Bàbá Àgòsú ni ọ̀gá wa. Ègùn ni wọ́n, láti ìhà Àgbádárìgì, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pariwo. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ rìn. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan igi ìwọ̀n. Ìrìn ni wọ́n kọ́ mi. Èèyàn ò gbọdọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ òkè iyanrìn gùn ún; orí pákó tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ni kó gbà, kó máa rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń wọ yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Bí o bá fẹsẹ̀ já ìtàkùn kan, méjì lo máa gbìn dípò. Ìtàkùn tí mo gbìn lọ́dún yẹn pọ̀ ju ti àgbẹ̀ tó ń gbin ànàmọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìrìn ni kíkà. Ẹnì kan á gbé pátákó pẹlẹbẹ lé iyanrìn, ní ìwọ̀n apá kan sí òpó, torí afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ́ ihò sídìí òpó gan-an, ihò yẹn sì máa ń tan èèyàn jẹ. Á wọ̀n ọ́n láti orí òpó dé ojú pátákó, á pe nọ́ńbà sókè, ẹnì kejì á pè é padà, kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. A kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́ nínú ìwé náà. Bí o bá ṣi nọ́ńbà kọ, ìlà kan ṣoṣo lo máa fà gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àṣìṣe rẹ kà. Lọ́jọ́ tí mo fi itọ́ pa nọ́ńbà kan rẹ́, òpó kẹtàdínlógójì ni a wà. Bàbá ní kí n padà sí òpó kìíní. Oòrùn ti wà ní àtàrí. Mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, Bàbá jókòó sábẹ́ àgbọn, wọ́n ń wò mí.

Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ìwé tí kò ní àṣìṣe, irọ́ ló wà nínú ẹ̀. Lọ jẹun."

Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta lẹ́yìn tí mo dé ni Jékọ́bù dé. Mo kà á. Ọmọ Iba ni, ẹgbẹ́ mi ni. Kìrìsìtẹ́nì ni, èmi jẹ́ Mùsùlùmí, kò sí ìjà kankan lórí ìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìrìn tí wọ́n fi oṣù méjì kọ́ mi, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára bíi ti ìwé títẹ̀. Bí a bá jọ wọkọ̀ ojú omi ní etídò Ọ̀jọ́, àwọn obìnrin tó ń sọdá á kí i kí wọ́n tó rí mi. Ìyá Sẹ̀nà, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan ẹja ní àgọ́ apẹja, máa ń fún àwa méjèèjì lẹ́ja. Ẹja ti Jékọ́bù máa ń ní orí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo ṣọ́ ọ dáadáa. Tèmi jẹ́ àárín tàbí ìrù.

Ká ní èèyàn burúkú ni, ara ìbá tù mí. Èèyàn dáadáa ni. Bí oòrùn bá mú, á bá mi gbé pátákó mi mọ́ tiẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kírun, á dúró dè mí, kò ní wọ̀n síwájú mi. Ìyẹn ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí n kò rí nǹkan kan tí mo lè fi ìlara mi rọ̀ mọ́. Mo kàn ń gbé e kiri ni.

Lọ́dún kejì, Bàbá pín òpó fún wa. Ogún tó wà lọ́nà Àgbádárìgì jẹ́ tèmi, ogún tó wà lọ́nà Èkó jẹ́ ti Jékọ́bù. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára: "Mo ti ń dàgbà. Lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, ẹni tó bá ṣọ́ tiẹ̀ dáadáa nínú ẹ̀yin méjèèjì ni n ó gbé awò fún." Awò yẹn jẹ́ irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí èèyàn ń fojú kan wò láti mọ bí ilẹ̀ ṣe ga sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn òjò, ni wọ́n ń gbé e jáde. Ẹni tí awò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni olórí etíkun. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé tó o. Ìyàwó tí mo ń wá nígbà yẹn pàápàá, mi ò fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kò pẹ́ tí iyanrìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ọ̀sẹ̀ yìí ìǹṣì kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìǹṣì méjì. Ti Jékọ́bù ń pọ̀ sí i. Òpó tiẹ̀ ń rì bí ẹni tó ń jókòó. Mo tún ọgbà imọ̀ ṣe, mo gbin ìtàkùn kún ìtàkùn. Mo tiẹ̀ ń tètè sọdá láàárọ̀ láti fi ọpọ́n ru iyanrìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, òkun ń wò mí. Asán ni. Gbogbo Mọ́ńdè, Bàbá á ṣí ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á wo ti Jékọ́bù, wọ́n á mirí, wọ́n á wo tèmi, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ó máa ń dà bíi pé èmi ni mo jẹ iyanrìn náà.

Ìlara kì í jẹ́ kí èèyàn ronú tààrà. Mo gbà lọ́kàn mi pé Jékọ́bù ń wá kó iyanrìn mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo fara pa mọ́ sẹ́yìn igi àgbọn láti mú un. Ó jókòó sídìí òpó rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo yíyan, ó ń kọrin ìjọ wọn. Nígbà tó jẹun tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tún ìtàkùn kan tí afẹ́fẹ́ ti wú ṣe, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo bínú pé kò jalè.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbé òòlù igi tí a fi ń tún ọgbà ṣe, tí mo fi àkísà wé orí òpó keje, tí mo sì lù ú wọlẹ̀. Ìǹṣì méjì péré. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òpó keje yọ síta bó ṣe yọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kò dín, kò lé. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ó ti ń dúró." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lu mẹ́rin. Nígbà tó yá, mo ń lu gbogbo ogún. Ẹ kíyè sí i, n kò kọ irọ́ kankan sínú ìwé. Nọ́ńbà tí mo rí ni mo ń pè, Jékọ́bù ń pè é padà, a ń kọ ọ́. Òpó ni mo kọ́ ní irọ́. Mo mọ̀ pé awò máa tú mi fó bí wọ́n bá gbé e jáde lẹ́yìn òjò, àmọ́ mo gbà pé iyanrìn á ti padà kí ìgbà yẹn tó tó.

Láti ìgbà náà ni adìẹ ti bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Sẹ̀nà ló jẹ́ kó nira jù. Ilé wọn wà lẹ́yìn òpó tèmi gan-an. Bí mo bá ń kọjá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á gbójú sókè nídìí ààrò ẹja, á ní, "Làmídì, iyanrìn wa ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀, mà."

"Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ." Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti gbọ́ ọ.

Òjò ọdún yẹn wá pẹ̀lú ìgbì tó lágbára. Òkun ru fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará àgọ́ rán èèyàn sí Bàbá Àgòsú pé ṣé kí àwọn kó ẹrù sọdá sí Ọ̀jọ́ títí omi á fi rọlẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Bàbá ṣí ìwé mi, wọ́n fìka tọ nọ́ńbà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀nà tiyín dúró dáadáa. Ẹ jókòó yín." Ẹnu mi wà níbẹ̀, èdè wà lẹ́nu mi. N kò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó sọdá tán láàárọ̀, òkun ti já. Ó gba àárín òpó keje sí ìkẹwàá wọlé, níbi tó yẹ kí iyanrìn ga ju orí èèyàn lọ. Omi dé orúnkún nínú àgọ́. Ó wó àwọn ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja, ó kó àwọ̀n lọ, ó gbé ọkọ̀ mẹ́ta, ó sì da iyọ̀ sínú kànga kan ṣoṣo tí wọ́n ń mu. Kò sẹ́ni tó kú, mo ń dúpẹ́ lórí ìyẹn títí di òní. Àwọn ọkùnrin ń sáré kiri. Ìyá Sẹ̀nà dúró nínú omi, ó di abọ́ kan mú, ó ń wò mí bọ̀. Kò pariwo.

"Làmídì," ó ní, "ṣebí o ní ó wà ńbẹ̀."

Kò pé oṣù kan tí àwọn ará àgọ́ fi kó lọ sí ìhà Ìjàníkin, torí kànga náà ò dùn mọ́.

Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, Bàbá rìn látòpó dé òpó ní ìhà tèmi. Wọ́n dúró nídìí òpó keje, wọ́n fọwọ́ pa orí rẹ̀ níbi tí igi ti là, tó fẹ̀ bẹ́tẹ́. Wọ́n pa orí ti kẹjọ. Wọ́n pa orí ti kẹsàn-án. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n wò mí pẹ́, mo wolẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ò ju èyí lọ: "Láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ pààrọ̀. Làmídì, gba ọ̀nà Èkó. Jékọ́bù, gba ibí."

Mo rò pé mo ti yọ, torí ìgbì ti kó iyanrìn tí awò ì bá fi tú mi fó lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo gba ogún òpó Jékọ́bù, iyanrìn pọ̀ sí i, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Inú mi dùn bí ẹni tó jogún. Àmọ́ lọ́jọ́ kan mo rí èèpo àgbọn kan tó já sómi lápá ibi tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀. Ìgbì ń gbé e wá, ó ń dá a padà, ó tún ń gbé e wá, díẹ̀díẹ̀ ó ń bọ̀ lọ́nà Èkó, títí ó fi gúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Iyanrìn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń lọ bá Jékọ́bù láti ọjọ́ yìí, ohun tí mo sì ń jowú lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ tèmi. Bí mo bá ti jẹ́ kí òpó mi sọ òótọ́, èèyàn tó bá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á ti rí i kedere: ohun tó dín níbí ló lé lọ́hùn-ún.

Jékọ́bù ló wá ń pe àdínkù báyìí. Gbogbo Mọ́ńdè ni mo ń gbọ́ ọ: "Òpó kẹjọ, ó tún yọ ìǹṣì méjì. Òpó kẹsàn-án, ìǹṣì mẹ́ta." Ohùn tó fi ń kọrin ìjọ ló fi ń pè é. Ojú kì í tì í, kì í wo ojú Bàbá. Mo ti jowú ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti jowú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ àti orí ẹja rẹ̀, kò sí èyí tó dùn mí tó ti ohùn yẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ ni ìjọba lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti mọ ibi tí wọ́n máa tún tú iyanrìn sí, tí wọ́n sì fi ri igi wọnú omi láti dá a dúró.

Bàbá ti sọ pé àwọn ń lọ lẹ́yìn Kérésì. Kérésì kọjá, wọn ò lọ. Ọdún Àjíǹde kọjá. Mo ń kùn lẹ́yìn wọn pé àgbà yìí ò fẹ́ fi àga sílẹ̀. Wọ́n máa ń pè mí wá jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé kò sí nǹkan kan?" Mo máa ń ní, "Kò sí, Bàbá." Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé awò fún Jékọ́bù lójú mi, wọ́n wọkọ̀, wọ́n padà sílé wọn. Ọdún kejì ni a gbọ́ pé wọ́n kú.

Mo ṣiṣẹ́ lábẹ́ Jékọ́bù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́ bárékè sí Ọ̀jọ́, Okokomaiko di ọjà, òpó igi di òpó irin, okùn ìwọ̀n di téèpù, níkẹyìn àwọn ọmọ kan wá ń fi bàálù ya fọ́tò etíkun láti òkè. N kò tún lu òpó kankan mọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ ní ìrìn, mo le mọ́ wọn ju bí Bàbá ṣe le mọ́ mi lọ. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí Jékọ́bù bá fojú kan awò yẹn wo òkè iyanrìn, nǹkan kan máa ń ta mí lára bí ata.

Lẹ́yìn tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì, mo lọ sílé rẹ̀ ní Iba lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Mo jókòó, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: òòlù, àkísà, òpó keje. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀, Làmí," ó ní. "Bàbá náà mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ pa orí òpó yẹn ni wọ́n ti mọ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò lé mi?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò ní parọ́ mọ́ láyé, òun ló sì yẹ kó ṣọ́ etíkun. Ìwọ lo dé kí n tó dé, ojú ẹ sì mú ju tèmi lọ. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbé awò fún. Kí lo rò pé wọ́n ń ṣe látìgbà Kérésì títí dìgbà òjò? Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

Mo dìde, mo kí i, mo rìn wálé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yan iṣẹ́, n kò lè sọ fún yín pé ìlara ti kúrò lára mi. Ó wà ńbẹ̀, ẹni tí mo ń jowú ló yí padà. Jékọ́bù kọ́ ni mo ń jowú mọ́. Làmídì oṣù mẹ́fà yẹn ni, tó jókòó ti Bàbá lọ́sàn-án, tí wọ́n ń bi í pé ṣé kò sí nǹkan kan, tó ṣì lè dáhùn pé ó wà.